Ọjọ́ Tí Mo Ká Ọwọ́ Lérí ní Ìjòkú

Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí láàárọ̀ Sátidé kan níbí ní Ṣàgámù. Ó lè pa yín lẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ ni mí. Láti àárọ̀ dalẹ́, ìdí máṣíìnì ni mo máa ń jókòó sí. Mo ń sanra sí i, mi ò kà á sí, àfìgbà tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ mi, tó ní ó ti ń ru. Ó ní kí n wá nǹkan ṣe sí ara mi. Mo bá ní eré sísá ni màá máa sá.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú nǹkan. Mo wo fídíò títí ojú fi ń ta mí! Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di okùn bàtà kí gìgísẹ̀ má baà máa yọ̀ nínú rẹ̀. Mo kọ́ pé ìṣísẹ̀ kéékèèké ló dára, kí ẹsẹ̀ máa balẹ̀ lábẹ́ ìbàdí, kó má jìnnà síwájú. Sá díẹ̀, rìn díẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé bí o kò bá lè sọ̀rọ̀ bí o ṣe ń sáré, eré náà ti pọ̀ jù fún ọ.

Wọ́n tún ní bí mímí bá ń nira, kí èèyàn gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí, kí àyà lè ṣí. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, àbí? Èmi ò rí i!

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ni mo jáde nílé wa ní Ẹ̀pẹ́. Mo wọ ṣòkòtò sábẹ́ gáùn, mo so ìborùn mi le. Mo fi fóònù sílẹ̀ sí chájì. Atẹ́gùn tutù, ara mi yá, mo bá gbàgbé sá díẹ̀, rìn díẹ̀. Nígbà tí màá fi dé Ìjòkú, àdúgbò tí wọ́n bí mi sí, àyà mi ń jó bí ẹni jẹ ata.

Ìyá Ṣúlè, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá mi, ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó béèrè pé ṣé kò sí nǹkan. Mo fẹ́ dáhùn, ohùn ò jáde. Mo bá ṣe ohun tí fídíò wí. Mo ká ọwọ́ lérí, mo yà ní kọ́nà, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn padà sílé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí Ìyá Ṣúlè rí. Lọ́jọ́ tí bàbá wa ṣubú sáàárín agbọ̀n obì nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, tí wọn ò dìde mọ́, èmi ni mo sáré gba òpópónà yẹn lọ pe Màámi. Ọwọ́ mi wà lórí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún rí mi kí n máa sáré ní Ìjòkú. Àgbà kì í sì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún; bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e.

Mo délé, ìpè ti kún orí fóònù. Wàhábì, àbúrò mi ọkùnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Ọ̀rẹ̀, ló ń pè. Ó ní Ìyá Ṣúlè ti lọ sọ fún Màámi pé òun rí mi tí mo ń sáré, tí mo ká ọwọ́ lérí, tí mi ò lè fọhùn. Màámi pe Wàhábì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ń wakọ̀ lọ́wọ́, kò gbé e. Ó parí! Màámi ju fóònù sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá bá mi ní Ẹ̀pẹ́, kí n fẹnu ara mi sọ pé Wàhábì ti kú. Nígbà tí Wàhábì pè padà, Ìyá Ṣúlè ló gbé fóònù náà, òun ló sì ròyìn fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ yín?"

Wọn ò tí ì dé. Màámi tí wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀!

Kò sí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà wa, mi ò sì lè dúró dè é. Mo gbá fóònù mú, mo mú ọ̀nà Ìjòkú pọ̀n. Ẹsẹ̀ mi ti wúwo bí òkúta. Mò ń wo ẹ̀gbẹ́ títì méjèèjì, ẹ̀rù ohun tí mo lè bá níbẹ̀ sì ń bà mí. Mo bi ẹlẹ́kọ kan bóyá ó rí ìyá àgbàlagbà kan. Ó ní ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, orí wọn ṣófo, bàtà ẹsẹ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ọwọ́ mi fẹ́ lọ sórí fúnra rẹ̀! Mo fi di gáùn mi mú.

Ìgbà yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn: bí mo bá sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, tí mi ò lè sọ̀rọ̀, kí ni wọ́n máa rò? Kí n tó mí délẹ̀, ẹ̀pa lè má bóró mọ́. Mo bá dín eré kù. Ìṣísẹ̀ kéékèèké. Mo ń rọra tú èémí jáde, mo sì ń dán ohùn mi wò. Wàhábì wà láàyè. Wàhábì wà láàyè. Bí ọ̀rọ̀ náà bá já mọ́ mi lẹ́nu, màá rìn. Bó bá jáde délẹ̀, màá tún sá. Àwọn tó ń kọjá ń wò mí bí ẹni tórí rẹ̀ dàrú.

Mo rí wọn lábẹ́ àtíbàbà àwọn tó ń bó obì. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, obìnrin kan ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí mi. Wọ́n di àyà mú.

Gbogbo ara mi ń sọ pé kí n sáré. Mo rìn. Ọwọ́ mi wà nísàlẹ̀.

"Màámi, Wàhábì wà láàyè. Kò sẹ́ni tó kú."

Ó jáde délẹ̀, kò já.

Ṣé wọ́n gbà mí gbọ́? Rárá o. Ta ni kò mọ̀ pé irọ́ la kọ́kọ́ máa ń pa fún àgbà tí èèyàn bá kú? Mo pe Wàhábì, mo fi fóònù sí wọn létí. Ó ní òun ti dé Ọ̀rẹ̀, òun ń jẹ ẹ̀wà. Wọ́n ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Wọ́n ní kó tún un sọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí mi.

"Sìkírátù, kí ló wá ń lé ẹ?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, Màámi. Òun ni mò ń sá fún."

Mi ò tí ì sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n fa etí ìró wọn, wọ́n fi nu òógùn ojú mi bí ìgbà tí mo wà ní kékeré.

"Ohun tó gbé bàbá ẹ lọ nìyẹn. Sá fún un dáadáa."

Ní báyìí, tó bá di àárọ̀ Sátidé, Màámi á ti jókòó síta kí n tó kọjá. Àwọn ló ń sọ fún aládùúgbò pé eré ìdárayá ni, kí ẹnikẹ́ni má pe ẹnikẹ́ni. Bí mímí bá ń nira, ìbàdí ni mo ń gbé ọwọ́ lé.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ fún àwọn ará ilé yín, kí ẹ sì máa fi èémí díẹ̀ pamọ́ tí ẹ ó fi kí èèyàn lọ́nà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sá á ńkọ́? Kí ni ojú yín rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Èmi àti Màámi la jọ máa kà á.