Àlàfo Tí Kò Ní Orúkọ

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Aládúrà ni wọ́n fi mí sí ní Òde-Ìrèlè. Kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Òkìtìpupa báyìí, ṣùgbọ́n inú ìjọ ni mo ti kọ́kọ́ mọ ohun tí àyẹ̀wò jẹ́. Ẹni tó bá rí ìran lọ́dọ̀ wa kì í ṣàdédé kéde rẹ̀. Àwọn àgbà á gbọ́ ọ ná, wọ́n á bi í léèrè dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́nẹ́ẹ̀lì rí, ètò tó ń darí gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà. Ó ní aṣọ́nà tó máa ń ka ètò àlejò látòkèdélẹ̀ kó tó gbà á wọlé.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Igbotako, kọ irú ètò bẹ́ẹ̀, kó lè máa ṣọ́ ohun tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì ọgbà wa kọjá. Ọ̀la ló máa ṣàlàyé rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó gboyè. Aṣọ́nà sì kọ̀ jálẹ̀: ó ní ètò náà fẹ́ ka ibì kan tí kò kọ nǹkan kan sí.

Tíṣà ní òun ti fi òdo nu gbogbo àyè tí ètò náà ń lò. “Sà, aṣọ́nà yìí le ju àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ.”

Mo rẹ́rìn-ín. A jọ wo ohun tí kọ̀ǹpáílà, ètò tó ń túmọ̀ ohun tí a kọ sí èdè ẹ̀rọ, ti ṣe sí i. Kí iṣẹ́ lè yá, ó ti gé ìnùmọ́ náà kúrú. Àlàfo kékeré kan wà láàárín nǹkan méjì tí Tíṣà tò síbẹ̀. Kọ̀ǹpáílà rí i pé kò ní orúkọ, ó sì fò ó.

Ẹnì kan nínú kíláàsì wọn ti gbà á nímọ̀ràn pé kó fi agbára alákòóso gbé e wọlé sórí ẹ̀rọ tuntun. Aṣọ́nà ibẹ̀ á mójú kúrò fún alákòóso. Tíṣà wò mí lójú, bóyá màá gbà.

“Tíṣà, ohun tí ètò ẹlòmíràn kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà nínú àlàfo yẹn,” ni mo wí. “Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹnì kan fi ń wọlé. Ṣé ẹ fẹ́ kó tú síta?”

Ó ní rárá. Ó jókòó, ó fún àlàfo náà lórúkọ, ó sì kọ òdo sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, aṣọ́nà gbà á wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ bi í pé kí ni ibi tí kò lò yẹn ń ṣe nínú ètò rẹ̀.

“Tèmi ni, sà,” ló dá a lóhùn. “Bí n kò bá gbá a, ìdọ̀tí ẹlòmíràn ni màá kó jáde.”

Ọkùnrin náà mi orí pé ó dáa, ó sì ṣí ojú ìwé tó kàn.