Eyín Òkè Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí yàrá kan gba gbogbo wa ní Okokomáíkò, ojú ìyá mi ló ń bọ́ wa. Aránṣọ ni. Iwájú ilé ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí, àwọn ìyàwó sọ́jà láti bárékè Ọ̀jọ́ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀. Bàbá mi ń wakọ̀, àmọ́ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni ọkọ̀ náà máa ń wà ju ojú títì lọ. Ohunkóhun tó bá fẹ́ ṣe ojú ìyá mi, ilé wa ló fẹ́ dà rú.

Eyín ló kọ́kọ́ mú un, ọ̀kan nínú àwọn eyín òkè tí a fi ń lọ oúnjẹ, lápá ọ̀tún. Ó ti jẹrà, ó ti lu. Ìyá mi á ki áásà bọ inú ihò rẹ̀, á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, á máa mi orí. Bàbá mi ní kó lọ yọ ọ́. Ìyá mi àgbà tó ń gbé lọ́dọ̀ wa fò dìde: "Eyín òkè kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ fọ́ ọmọ mi lójú ni?" Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà náà, kò sí àgbàlagbà tí kò gbà pé iṣan kan náà ló so eyín òkè mọ́ ojú. Ẹni tó bá yọ ti ìsàlẹ̀, ó ti yọ ọ́ gbé. Ẹni tó bá yọ ti òkè, kó yáa wá ọ̀pá tí yóò máa fi tọ́nà. Aránṣọ wo ló máa gbọ́ irú rẹ̀ tí kò ní fara da eyín dídùn?

Nígbà tó yá, eyín náà dákẹ́ fúnra rẹ̀. Inú wa dùn. A ò mọ̀ pé àrùn ò lọ, ó kàn kó lọ sílé mìíràn ni. Kò pẹ́ tí imú ọ̀tún ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dà, imú kan ṣoṣo, ohun tó ń jáde níbẹ̀ rí rúsúrúsú, ó sì ń rùn. A pè é ní kátà. A se ewé ẹfinrin, a fi aṣọ bò ó lórí kó fa ooru rẹ̀ símú, pàbó ló já sí. Tó bá tẹrí ba sórí ẹ̀rọ, á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun wúwo bí òkúta. Èmi ni mo ń bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́, mo sì ń gbọ́ òórùn náà, àmọ́ ọmọ wo ló máa sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó ń rùn? Ẹ̀rù ń bà mí. Tí wọ́n bá rán mi níṣẹ́, eré ni mo máa ń sá padà kí n lè wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jí, abẹ́ ojú ọ̀tún rẹ̀ ti wú, ojú náà pọ́n, agbára káká ló fi ṣí i. Ojú tí a tìtorí rẹ̀ fi eyín sílẹ̀, òun ló tún ń lọ yìí. Ìyàwó sọ́jà kan tó wá gba yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ ló tẹjú mọ́ ọn.

"Mọ́mì, ẹ má bínú o. Ṣé eyín ti dùn yín rí lápá ibẹ̀?"

"Ó ti lọ tipẹ́."

"Kò lọ o! Bó ṣe ṣe ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ó mú wa lọ bá dókítà eyín kan lọ́nà Ìbà. Wọ́n ya àwòrán ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi. Dókítà ní gbòǹgbò eyín òkè ò jìnnà sí ihò kan tó wà nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ọyún eyín náà ti gòkè wọ inú ihò yẹn, ó ń gba imú jáde.

"Màmá, ẹ ò yọ eyín nítorí ojú. Eyín yẹn gan-an ló ń bọ̀ wá bá ojú yín."

"Tó bá wá fọ́ ńkọ́?"

"Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù."

Ìyá mi wò mí, ó wo ilẹ̀, ó wá ya ẹnu.

Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ fọn imú rárá, kí ojú ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ lè dí. Nígbà tí wíwú náà lọ tán, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí Ìyànà Ìbà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, ó wá ń fi èyí tí à ń bẹ̀rù fún ka àkọlé àwọn ṣọ́ọ̀bù sókè ketekete. Àwọn èèyàn rò pé orí rẹ̀ ti dà rú. Èmi ń kà á tẹ̀ lé e nínú, mo ń bẹ Ọlọ́run kó má ṣì í. Nígbà tó ka èyí tó jìnnà débi tí èmi fúnra mi ò lè kà á, mo bú sẹ́kún.

Ayé ti yí padà. Àwọn dókítà eyín ti pọ̀ ládùúgbò, orí fóònù làwọn ọmọ ti ń kà nípa eyín. Mo ti rò pé ìbẹ̀rù yẹn ti bá àwọn ìyá wa àgbà lọ. Àmọ́ lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni ọmọ mi obìnrin pè mí pé wọ́n fẹ́ yọ eyín òkè òun. Èmi tí ó ṣojú mi, tí mo mọ̀ dájú, ohun tó kọ́kọ́ sáré wá sẹ́nu mi ni, "Ojú ẹ ńkọ́?" Mo gbé e mì. Mo ní kó tètè máa lọ, mo sì jókòó ti fóònù títí ó fi pè mí padà.