Ìkòkò Kì í Ta Gbòǹgbò

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lóru, òórùn amọ̀ tútù ló máa ń jí mi láàárọ̀. Mama á ti wà létí odò lẹ́yìn oko wa, lọ́nà Bétérou, á máa wa amọ̀ kí oòrùn tó mú. Amọ̀kòkò ni. Ṣábẹ̀ ni Baba ti fẹ́ ẹ wá, tòun ti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Baba, àgbẹ̀ oníṣu, ló fún un ní ibi àbàtà yẹn nínú ilẹ̀ ìdílé, torí iṣu kì í ta níbẹ̀. Mama gbin ẹ̀pà àti ilá sápá òkè, ó gbẹ́ kòtò amọ̀ sísàlẹ̀. Láàárọ̀ á roko, lọ́sàn-án á mọ ìkòkò lábẹ́ àtíbàbà. Bí a bá yín àgbàdo tán, èmi ni mo máa ń ṣa ṣùkù rẹ̀ fún un. Á yí i lára ìkòkò tútù, àpá rẹ̀ á sì hàn yí ìkòkò náà ká. Kódà ìkòkò omi inú oko, tí àlejò kankan kì í rí, ó gbọ́dọ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Á ní, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Baba máa ń sọ fún un pé, "Gbin máńgòrò kan péré síbẹ̀, jàre." Mama á rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó ni mí, Baba Àbíkẹ́. Wọ́n á ní mo fẹ́ gba ilẹ̀."

Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn: ẹni tó gbin igi ló ni ilẹ̀. Ẹni tí a yá ní oko lè gbin ohunkóhun tó bá wù ú, àfi igi. Mama bọ̀wọ̀ fún àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀, kò sì gbin nǹkan kan.

Mo wà ní CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Baba kú. Lẹ́yìn àdúà òkú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí à ń pè ní Tonton fi alùpùpù kó ọmọ igi kajú wá láti gbìn sí ibi tí Mama ń ro. Mama ní tòun ni ibẹ̀. Àwọn àgbà bi Mama pé kí ló gbìn tó fi ń pe ibẹ̀ ní tirẹ̀. Mama nawọ́ sí kòtò amọ̀, ó nawọ́ sí àwọn ìkòkò rẹ̀.

Tonton ò pariwo. Ó ní, "Ìyàwó, ìkòkò kì í ta gbòǹgbò. Àmọ́ máa gbin ẹ̀pà rẹ láàárín kajú náà, pas de problème, kò sí wàhálà."

Mama kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, ọkọ mi."

Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Lọ́jọ́ kejì mo lọ fa kajú tí wọ́n gbìn sétí kòtò amọ̀ tu. Mama bá mi níbẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ó gba igi náà lọ́wọ́ mi, ó tún un gbìn, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ilẹ̀ yí i ká bó ṣe máa ń tẹ ìdí ìkòkò.

"Bó bá kú, èmi ni wọ́n á bi," ló wí. "Bí wọ́n bá lé wa, níbo la ó wá sùn?" Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Bí a ṣe ń ro ẹ̀pà wa la ń bá Tonton ro ìdí kajú rẹ̀. Lọ́dọọdún ni òjìji igi ń fẹ̀ sí i, tí ẹ̀pà ń dín kù, títí kò fi sí mọ́. Mama lọ ń ta gaàrí létí títì ní Tchatchou. Kò mọ ìkòkò mọ́ títí ó fi kú, ó sì ń dùn mí dòní.

Èmi náà ti di ìyàwó ilé. Mo ń mọ ìkòkò, mo ń gbin ẹ̀fọ́ lórí ilẹ̀ ìdílé ọkọ mi ní Sanson, àwọn èèyàn sì ń ti Parakou wá ra iṣẹ́ mi. Èèyàn dáadáa ni ọkọ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n gbin igi síbẹ̀. Nígbà òjò tó kọjá, mo ra ọmọ máńgòrò kan. Mo gbé e dé oko, mo rí ìyá ọkọ mi tó dúró tó ń wò mí, mo bá gbé e padà sílé. Inú ọ̀rá rẹ̀ ló gbẹ sí.

Ọmọ CM2 tó fa kajú tu nígbà yẹn ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ ibi tó lọ.