Súwẹ́tà Aláwọ̀ Ewé Solange

Èmi Huguette, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú aṣọ àwọn òṣèré fíìmù ní Joinville, nílẹ̀ Faransé, títí dòní n kò mọ ohun tí àwọ̀ ewé ṣe fún wọn. Àwọn kan ní aró rẹ̀ ló pa òṣèré kan láyé àtijọ́. Ta ló rí òkú náà? Kò sí! Síbẹ̀, bí o bá wọ àwọ̀ ewé wá síbi iṣẹ́, wọn á sá fún ọ bí ẹni sá fún ejò.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Solange Vidalenc fi ṣeré láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ la máa ń rí, tàbí kó ṣe òkú. Nígbà tí wọ́n wá fún un ní gbólóhùn kan ṣoṣo, pé kó ṣe obìnrin tó ń ta búrẹ́dì, ìyá rẹ̀ hun súwẹ́tà ránṣẹ́ láti abúlé: "Èyí ni kí o wọ̀ sọ̀rọ̀, kí n lè fi yangàn."

Súwẹ́tà ọ̀hún wá jẹ́ aláwọ̀ ewé bí ẹ̀fọ́ tútù!

"Yéè!" Olùdarí fò sẹ́yìn. "Kí n má rí i lọ́la, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa wá ẹlòmíràn."

Solange bú sẹ́kún. "Àǹtí Huguette, kí ni mo fẹ́ sọ fún Màmá?"

Inú bí mi. "Ẹ̀yin géńdé báyìí, súwẹ́tà lẹ ń sá fún!" Mo gbé e, mo rẹ ẹ́ sínú aró pupa. Fíìmù wa kò ṣáà ní àwọ̀, dúdú àti funfun ni. Ta ni yóò mọ̀?

Ọjọ́ kejì, Solange wọ̀ ọ́, ó sọ̀rọ̀: "Búrẹ́dì ti tán, ẹ padà wá lọ́la." Ó dùn mọ́ wa! Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti ń wá a wálé. Ní sinimá abúlé wọn, ìyá rẹ̀ dìde dúró, ó ń pariwo: "Ẹ wo àwọ̀ ewé mi!"

Solange kò wá lè mú súwẹ́tà délé mọ́. Kérésì mẹ́ta ló fi ń purọ́ pé súwẹ́tà náà wà níbi iṣẹ́. Ní ẹ̀kẹrin, mo ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Wọ̀ ọ́, ká jọ lọ."

Ìyá ń ro ọbẹ̀ nígbà tí a wọlé. Ó fa ọwọ́ súwẹ́tà, ó yí etí aṣọ náà sóde. Àwọ̀ ewé ṣì kù díẹ̀ nínú ojú rírán rẹ̀.

"Wọ́n ń bẹ̀rù àwọ̀ ewé, Màmá," ni Solange wí.

"Àwọn ń bẹ̀rù aṣọ, ìwọ ń bẹ̀rù ìyá rẹ. Ta ló wá gọ̀ jù nínú yín?"

Ó nu omijé nù, ó fa òwú búlúù jáde lábẹ́ àga. "Na apá rẹ, jẹ́ kí n wọ̀n ọ́."