Kéèkì Kérésìmesì Lẹ́yìn Ikú Màmá

Kérésìmesì ọdún tí màmá wa kú ni ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé láyé. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà, àdúgbò Bẹyẹrúnká la sì ń gbé. Ọdọọdún ni Màmá máa ń ṣe kéèkì fún wa. Lọ́dún yẹn, èmi ni mo po bọ́tà, ṣúgà, ẹyin àti fúláwà, tí mo da èso gbígbẹ sí i, tí mo sì yan án nínú ìkòkò oníyanrìn lórí iná bíi ti Màmá.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Bàbá gé e, wọ́n tọ́ ọ wò.

"Ọmọ mi, o ṣeun. Bó ṣe máa ń rí gan-an nìyí."

Ni Títí, àbúrò mi ọmọ ọdún mẹ́rin, bá ní, "Bàbá, ẹ gé ti Màmá sílẹ̀ kí wọ́n tó dé."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Wọn ò sunkún lójú wa nígbà ìsìnkú, àmọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n gbórí lé tábìlì, èjìká wọn ń gbọ̀n. Èmi náà bú sẹ́kún.

Nígbà tí Títí tún béèrè, mo gé ti Màmá, mo sì fi abọ́ dé e. Títí jókòó tì í, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.