Ilé Ìdáná Tí Wọ́n Tì Wá Mọ́ ní Ẹdẹ

Òórùn tó kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà láàbù yẹn kì í ṣe òórùn láàbù rárá. Èéfín igi ni, àti káún, àti irú tó ti gbẹ mọ́ ara ìkòkò, bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ lórí ààrò. Mo ti wọ láàbù púpọ̀ nígbà náà. Mo mọ òórùn gáàsì, mo mọ ti ásíìdì, mo sì mọ òórùn ekuru inú èyí tí wọn kò ṣí láti ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n láàbù tó ń rùn bí ilé ìdáná ìyá àgbà, ilé-ìwé kan ní Ẹdẹ ni mo ti rí i, n kò sì rí irú rẹ̀ mọ́ títí di òní.

Ìgbà ìjọba sójà ni, nígbà tí gbogbo nǹkan wọ́n, tí owó oṣù kò sì tó nǹkan. Ìwọ náà ò lè gbàgbé ìgbà yẹn. Ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ni tíṣà méjì ń dá sí méjì, àwọn ọmọ ń ru àga láti ilé wá sí kíláàsì, ẹni tó bá sì rí mílíìkì rà kì í jẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀ mọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú físíìsì ni, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn, ìgbéraga mi sì ga ju òrùlé ọ́fíìsì náà lọ. Àṣẹ kan jáde láti òkè pé ilé-ìwé tí láàbù rẹ̀ kò bá pé, kí wọ́n ti kíláàsì sáyẹ́ǹsì rẹ̀ pa. Kí àwọn ọmọ ibẹ̀ wá ilé-ìwé mìíràn lọ, tàbí kí wọ́n gbàgbé sáyẹ́ǹsì. Àwa mẹ́ta ni wọ́n kó sínú Píjò kan láti máa lọ yẹ àwọn ilé-ìwé wò: ọ̀gá wa, ìyá kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, tí kì í rẹ́rìn-ín lásán; ọkùnrin oníkùn kan tó jẹ́ ọ̀gá nínú kẹ́mísírì; àti èmi tí mo kéré jù, tí mo ń di fọ́ọ̀mù mú.

Ilé-ìwé mẹ́rin la ti wò lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn kan tiẹ̀ yá bùrẹ́ẹ̀tì àti pìpẹ́ẹ̀tì, gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì, lọ́wọ́ ilé-ìwé tó wà nítòsí kí a lè rí nǹkan kà, ọ̀gá wa sì máa ń mọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí orúkọ oníǹkan kì í pẹ́ hàn nídìí ìgò. Nígbà tí a fi máa dé Sẹkọnà, ó ti sú mi. A dúró ra àgbàdo sísun, ọ̀gá wa sun oorun díẹ̀ níwájú ọkọ̀, èmi sì gbé fọ́ọ̀mù ilé-ìwé Ẹdẹ lé itan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ kí a tó débẹ̀. Mo kọ “kò sí” láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí wọ́n ní kí a sọ èrò wa, mo fi bíìrò kọ ọ́ pé kí wọ́n ti kíláàsì náà pa. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo ń ta. Mo ṣáà fẹ́ kí a tètè padà sílé.

Tíṣà tó pàdé wa tínrín, ó ti yí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà kí ibi tó ti gbó lè wọ inú, ṣùgbọ́n ó lọ aṣọ náà dáadáa. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá wa, ó kí wa kú ewu ọ̀nà, ó mú wa lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta, ó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí nǹkan kan nínú wọn ju bébà àtijọ́ lọ.

“N kò ní parọ́ fún yín, mà,” ó ní. “Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yín, a ò ní ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ bá wa wọ yàrá kejì yìí.”

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní ilé ìdáná ìyá arúgbó kan ni yàrá náà. Ìyá náà ti rìnrìn àjò lọ sí ìlú Ara, ó tilẹ̀kùn, ó sì fi ìwé sílẹ̀ sábẹ́ ọlọ fún ẹni tó bá há sínú ilé, pé kó lè mọ bí yóò ṣe jáde. Tí a bá gbà, òun á tì wá mọ́ ibẹ̀, a ó sì wá kọ́kọ́rọ́ fúnra wa. Agogo ọwọ́ kan wà lórí tábìlì; tí a bá ti lù ú, òun á ṣílẹ̀kùn láìjáfara. Ọ̀gá kẹ́mísírì bú sẹ́rìn-ín. Èmi wo aago mi. Ọ̀gá wa ni ó wo ọkùnrin náà títí.

“O fẹ́ ti alábẹ̀wò ìjọba mọ́lé?”

“Tí ẹ bá gbà ni, mà.”

“Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó sọ òótọ́ fún mi lọ́sẹ̀ yìí. Tì wá mọ́ ọn.”

Nígbà tí ilẹ̀kùn ti tán, mo wá rí yàrá náà dáadáa, mo sì gbọ́dọ̀ sọ pé ó wú mi lórí bí inú ṣe ń bí mi tó. Ààrò mẹ́ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú eérú gidi. Àmù omi wà, ahá wà lórí rẹ̀, odó àti ọmọ odó wà, láńtánì kan àti ìṣáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ irú. Wọ́n fi okùn so ọparun gígùn kan mọ́ ògiri ní ìdúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi. Ọlọ ńlá kan wà ní igun, ògiri fún un lọ́tùn-ún lósì, àyè tó wà níwájú rẹ̀ kò sì ju èyí tí ẹnì kan lè dúró sí lọ.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé ọlọ náà. Kò mira. Ọ̀gá kẹ́mísírì ní kí n sún sẹ́yìn, òun náà gbé e, ìdí ṣòkòtò rẹ̀ dún fàà, àwa méjèèjì sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo tún padà sídìí rẹ̀, mo dì mọ́ ọn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá wa jókòó jẹ́ẹ́ lórí àpótí.

“Sìsí físíìsì,” ó ní, “kí lẹ fi ń gbé ẹrù tó bá ju agbára yín lọ?”

Mo ka òfin lífà, ti igi tí a fi ń gbé ẹrù wúwo, fún un lédè Òyìnbó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, mo sì ṣì gbá ọlọ mọ́ra. Ó jẹ́ kí n kà á tán.

“Mo gbọ́. Ọmọ odó wà lẹ́yìn rẹ.”

Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Mo ti kọ òfin yẹn nínú ìdánwò láìmọye ìgbà, mo ti ya àwòrán rẹ̀, mo ti gba máàkì lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ọwọ́ mi á nílò rẹ̀. Mo ki ẹnu ọmọ odó bọ abẹ́ ọlọ, mo ti òkúta kékeré kan sábẹ́ rẹ̀, mo tẹ òkè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọlọ náà gbéra wẹ́rẹ́, ọ̀gá kẹ́mísírì sì yọ bébà kan lábẹ́ rẹ̀.

Kò sí nǹkan kan lára bébà náà. A yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́yìn. Ọ̀gá kẹ́mísírì ní àwọn ọmọ náà ti gbàgbé láti kọ ọ́. A tú gbogbo yàrá, a wo inú ìkòkò, a wo abẹ́ odó, òógùn bò wá. Mo bi ọ̀gá wa bóyá kí n lu agogo.

“Lù ú,” ó ní, “kí n lè lọ sọ n’Íbàdàn pé ọmọ yunifásítì kò lè jáde nílé ìdáná.”

N kò lù ú. Ọ̀gá kẹ́mísírì ti fìdí kalẹ̀, ó ń fi bébà òfìfo náà fẹ́ ara rẹ̀, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró lójijì. Ó gbé bébà náà símú. Ó tún gbé e símú. “Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi kọ ọ́!” ó kígbe, ó sì dìde fùú bí ọmọdékùnrin. Ó ṣáná sí láńtánì, ó na bébà náà sókè gíláàsì rẹ̀. Òórùn ọsàn tó ń yáná gba inú yàrá. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa, nínú ìkọ̀wé ọmọ iléèwé tó dára: Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ọparun. Ẹ fún un lómi mu. N kò tíì rí ayọ̀ lójú ọkùnrin yẹn rí ṣáájú ọjọ́ náà. Iṣẹ́ bébà ló ń ṣe látìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀gá.

Omi ni ó kù. Ọ̀gá kẹ́mísírì bu ahá kan, ó dà á sínú ọparun, omi náà sì tú jáde sí bàtà mi. Ihò mẹ́ta ni wọ́n lu sí ọparun yẹn, ọ̀kan níbi àyà, ọ̀kan níbi orúnkún, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ń bu omi kò ní ọwọ́ tó ṣẹ́kù. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún dí ti òkè, mo fi ti òsì dí ti àárín, omi sì ń sá lọ láti ìsàlẹ̀. Èmi àti ọ̀gá kẹ́mísírì wo ara wa. Kò sẹ́ni tó láyà láti ní kí ọ̀gá wa wá dí ìkẹta. Ìró àti bùbá ọ̀gá wa le gbagidi fún sítáàṣì, gbogbo wa sì mọ̀ pé kì í fọwọ́ kan nǹkan kan níbi tí a bá ti lọ yẹ wò, àfi bíìrò rẹ̀.

Ó dìde. Ó kúnlẹ̀ sínú omi, ó sì fi àtàǹpàkò dí ihò náà. “Kí lẹ ń wò? Ẹ bù ú!” Ọ̀gá kẹ́mísírì ń bù, ó ń dà, èmi ń ka ahá sókè ketekete láìmọ ìdí, omi ń ṣàn sí wa lápá, títí ẹ̀là igi kékeré kan fi yọrí lẹ́nu ọparun, kọ́kọ́rọ́ sì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú òwú. “Alihamudulilahi!” ni ọ̀gá kẹ́mísírì wí. Ọ̀gá wa ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni, pẹ̀lú eyín.

Nígbà tí a jáde, àwọn ọmọ kíláàsì náà wà ní ìdúró lórí ìlà. Ọ̀gá wa, tí ìró rẹ̀ ń kán omi, béèrè ẹni tó ṣe yàrá náà. Tíṣà ní àwọn ni. Ó ní lọ́dọọdún lòun máa ń pín iṣẹ́ inú ìwé fún kíláàsì, kí kálukú lọ wá bí yóò ṣe ṣe é pẹ̀lú ohun tó wà nílé wọn, kí wọ́n sì fi ti ara wọn kọ́ yàrá tuntun fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n rọra ti ọmọbìnrin kan síwájú, ọ̀kan lára àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Alájùẹ láràárọ̀. Ó kúnlẹ̀.

“Kí ló gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn sókè?” ni ọ̀gá wa bi í.

“Irin ń rì, mà, igi ń léfòó. À ń fi kún igi yẹn títí ó fi lè gbé irin. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó ṣeé ṣe.”

“Kí wá ni ti ihò mẹ́ta?”

Ọmọ náà wo tíṣà rẹ̀, tíṣà mi orí sí i. “Kí ẹnì kan má baà lè dá a ṣe, mà.”

Ọ̀gá wa na ọwọ́ sí mi fún fọ́ọ̀mù. Mo mú un jáde, ó sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, tíṣà náà sì dúró níbi tó ti lè rí i.

“Nígbà wo lo kọ èyí?”

Mo fẹ́ parọ́. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ parọ́. “Láti Sẹkọnà, mà.”

Tíṣà náà wolẹ̀. Kò bínú, ó kàn wolẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yà lẹ́nu, èyí sì dùn mí ju kí ó bú mi lọ. Fọ́ọ̀mù mìíràn kò sí, nítorí bébà pàápàá wọ́n nígbà yẹn. Ọ̀gá wa ní kí “kò sí” wà níbi tó wà, nítorí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ní kí wọ́n ti kíláàsì pa, ó ní èmi tí mo kọ ọ́ ni kí n fọwọ́ ara mi fa ìlà lé e, níwájú ẹni tí mo kọ ọ́ fún. Mo fa ìlà náà. Òun wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé alábẹ̀wò mẹ́ta wọ yàrá yìí, pé iṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ borí wọn ni àwọn ọmọ náà fi orí ara wọn gbé kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ti kíláàsì náà pa. Àwa mẹ́ta fọwọ́ sí i. Tíṣà náà ṣí fìlà, ó ní “Ẹ ṣé, mà,” ó sì tún un sọ.

Kò ju oṣù kan lọ tí lẹ́tà ìbínú dé láti òkè. Wọ́n bi ọ̀gá wa léèrè ìdí tó fi rú àṣẹ, ìdí tí ilé-ìwé tí kò ní nǹkan kan fi yege. Gbogbo wa mọ ohun tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì. Ó pè mí sídìí tápùráítà, ó sì sọ èsì rẹ̀ fún mi kí n tẹ̀ ẹ́. Gbólóhùn méjì péré ni: “Mo wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ lọ wọ ibẹ̀.” Mo dúró kí ó sọ èyí tó kù. Ó ní kí n yọ bébà náà.

Ẹnikẹ́ni kò lọ, wọn kò sì dá èsì padà. Kíláàsì náà ń bá iṣẹ́ lọ, ọ̀gá wa sì fẹ̀yìn tì lásìkò rẹ̀. Kí ọdún tó parí, èmi ti kọ̀wé pé kí wọ́n gbé mi kúrò ní ọ́fíìsì lọ sí kíláàsì, ibẹ̀ ni mo sì ti lo gbogbo ọjọ́ ayé mi. Tí wọ́n bá bi mí léèrè ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ tíṣà, n kì í dárúkọ yunifásítì. Mo máa ń sọ pé ọkùnrin kan ni ní Ẹdẹ, tí mo ti fi bíìrò pa kíláàsì rẹ̀ rẹ́ kí n tó rí ojú rẹ̀.