Ẹ̀rọ Onítáyà Méjì

Bí òórùn òjé yíyọ́ bá ti kàn mí nímú, pálọ̀ wa ní Fìdítì ni mo máa ń rántí. Wọ́n ní ìwé ti da bùrọ̀dá mi lórí rú: ó ń fi òjé yíyọ́ lẹ wáyà pọ̀, ó ń to ẹ̀rọ kékeré onítáyà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti inú páálí, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ kó dá dúró. Àwọn àgbà ìjọ gbé mọ́tò wá láti mú un lọ sílé àdúrà. Wọ́n so táì, wọ́n ń mi orí bí ẹni pé ẹ̀rọ náà yé wọn.

“Bó bá ṣubú, wàá bá wọn lọ,” ni bàbá wa wí.

“Kò ní ṣubú, sà.”

Ẹ̀rọ náà fì síwájú, ó fì sẹ́yìn. Mo ń gbàdúrà kó ṣubú, kí èmi náà lè gun mọ́tò. Mo dàgbà tán kí n tó gbọ́ pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà nínú búùtù.

Ó dúró. Bàbá wa ṣílẹ̀kùn fún àwọn àgbà ìjọ kí wọ́n máa lọ. Èmi bú sẹ́kún.